Yàrá Mẹ́ta Tó Dí Afẹ́fẹ́

Doncaster, England
10 Oṣù Kẹsàn-án, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìnira epo, ẹ kú àìrí ọmọ.

Ẹ ti sọ lẹ́yìn ìsìnkú Màmá pé ẹ ò fẹ́ máa gbọ́ ohùn mi nínú fóònù, pé ẹkún ló ń mú wá, pé kí n máa kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ti gbà. Bushrat, ọmọ aládùúgbò yín, yóò tẹ èyí jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò gbé e wá bá yín. Bí ẹ bá fèsì, ẹ fún un kó fi fóònù rẹ̀ yà á ránṣẹ́ sí mi.

Bushrat yìí náà ló sọ ohun tí ẹ̀yin ò sọ. Ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ Ọlọ́runṣògo, ayálégbé tó wà nínú àgbàlá yín, kún yàrá yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹnu ọ̀nà lẹ ṣubú sí, pé ìta gbangba ni wọ́n gbé yín lọ kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí láàárín ọdún kan. Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n tún gba irú ìpè tí mo gbà nípa Màmá ni?

Ilé tí mo kọ́ sí ẹ̀sítéètì tó wà lẹ́yìn ìlú ti parí láti oṣù Kẹta. Yàrá mẹ́rin. Ògiri ẹnikẹ́ni ò kan ògiri yín níbẹ̀. Títì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọkọ̀ mẹ́rin lè tò lórí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí lẹ tún ń ṣe ní Sabon Gari, nínú ojúlé tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́jọ yí ká, tí wọ́n ń hó lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ kó lọ, ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Màmá bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Kẹ́misọ́lá


Sabon Gari, Kano
1 Oṣù Kẹwàá, 2023

Kẹ́misọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara mi ti yá. Ẹnu Bushrat fẹ̀ ju ọjà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, má bá a wí.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé síbí, ẹ̀wọ̀n àwọn awọnlẹ̀ ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ yìí, púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé, títì gún régé bí ìlà inú ìwé. Ó kọ́ yàrá sí ọ̀tún, ó kọ́ sí òsì, ó fi àgbàlá sílẹ̀ gbayawu láàárín, láti ẹnu ọ̀nà iwájú títí dé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá gba iwájú wọlé, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Ooru oṣù Kẹrin Kano, ẹni tí a gbà níyànjú láti ra fáànù nígbà náà á rẹ́rìn-ín. Ẹní la ń tẹ́ sí àgbàlá.

Lọ́dún 1996 lo wọ ilé ìwé girama. Ọwọ́ mi ò tó o. Mo bá kọ́ yàrá mẹ́ta sí àárín àgbàlá, mo fi háyà. Àwọn yàrá yẹn ló rán ọ nílé ìwé títí o fi jáde yunifásítì, àwọn náà ni Ọlọ́runṣògo àti ìdílé rẹ̀ ń gbé lónìí. Láti ọdún yẹn ni afẹ́fẹ́ ò ti wọ ilé wa mọ́. Èmi tí mo ń tún fáànù ṣe fún gbogbo Sabon Gari, mo wá ra fáànù fún yàrá ara mi. Fáànù ń fẹ́ iná NEPA, NEPA ò dúró, a ra jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tún mú ilé gbóná sí i. Kò sí ojúlé kan ní títì wa tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó wọn ilẹ̀ ló ṣì í. Àwa la dí i.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni mọ́tò mi níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó ń gé irun mi, oníkẹ́místì, mo ń fi ẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, mo sì ń kí èèyàn lọ, mo ń kí èèyàn bọ̀. Ta ni màá kí lórí títì ọkọ̀ mẹ́rin?

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ lo fi bẹ̀ mí. Bí a bá ti ṣe ìdúpẹ́ ìkórè tán, màá kó.

Bàbá rẹ,
Caleb Adétúnbọ̀


Láti inú ilé rẹ
26 Oṣù Kọkànlá, 2023

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi,

Mo ti dé ilé rẹ. Ó dára. Táìlì inú pálọ̀ ń dán. Omi ń jáde láti inú ẹ̀rọ. Ọyẹ́ ti dé, eruku rẹ̀ pọ̀ níhìn-ín nítorí kò sí igi, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ilé mẹ́tàlélógún ni wọ́n kọ́. Ìdílé mẹ́rin ló wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ó dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ń dúró de adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn, létí títì láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rí Ọlọ́runṣògo tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan. Iléeṣẹ́ ọ̀rá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà síbí rárá. Láràárọ̀ ló ń wọ ọkọ̀ méjì láti inú àgbàlá mi wá síbi tí mo ń gbé, èmi náà ń wọ ọkọ̀ méjì láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ síbi tó ń gbé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ní ti iná, wọ́n ní tiransifọ́mà ń bọ̀.

Bàbá rẹ,
Caleb Adétúnbọ̀


Doncaster
14 Oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ọkàn mi balẹ̀ pé ẹ ti wà nínú ilé, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín gé kúrú bíi wáyà pósófíìsì àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ojú ìwé mẹ́fà nípa mọ́tò fáànù kan! Ṣé nǹkan kan ń ṣe yín ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé tí mo ń gbé, wọ́n kọ́ ọ mọ́ òmíràn ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé títì yìí, ògiri kan ló wà láàárín ilé méjì. Ìyá arúgbó kan, Màmá Pearson, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọdún méjì ni mo fi ń yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ilé mi ò mú òtútù, pé híítà díẹ̀ ni mò ń tàn. Nínú oṣù tó kọjá, àwọn ọmọ ìyá náà gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Kò pé ọjọ́ méjì tí ògiri tí mo máa ń fẹ̀yìn tì jẹun di yìnyín. Àṣé iná tirẹ̀ ni mo ń yá láti ọjọ́ yìí wá, mi ò sì mọ̀. Bàbá, mi ò kí ìyá yẹn dáadáa ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ibi iṣẹ́ mi náà, wọ́n kó ilé ìkẹ́rùsí yẹn lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi nìkan nínú ọkọ̀, ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ, ogójì ní àbọ̀. Mò ń jó epo kí n tó lè rí owó epo.

Wọn ò fún mi láàyè láti wálé ní Àjíǹde. Ẹ má bínú. Ṣé tiransifọ́mà ti dé?

Ọmọ yín,
Kẹ́misọ́lá


Doncaster
17 Oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Oṣù méjì. N kò rí ìlà kan ṣoṣo.

Mo bi Bushrat, ó ní ẹ ò yà lọ́dọ̀ òun mọ́, pé ìgbà tí ẹ yà gbẹ̀yìn, ẹ ní ẹ ń kánjú bá ọkọ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ń bínú nítorí Àjíǹde, ẹ bú mi. Èébú yín tó mi jẹ. Ẹ ṣáà kọ nǹkan.

Kẹ́misọ́lá


Sabon Gari, Kano
2 Oṣù Kẹrin, 2024

Àǹtí Kẹ́mi,

Kí ẹ tó ka ìyókù: Bàbá wà láàyè, wọ́n sì ti ń jẹun. Ẹ mí kanlẹ̀ ná.

Láàárọ̀ Àjíǹde, Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹ̀sítéètì, wọ́n ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Adaidaita kì í wọ inú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé láti ìgbà tí epo ti wọ́n, àwọn tó ń kọjá lójú títì ò fẹ́ dúró gbé èèyàn kan ṣoṣo. Àṣé láti oṣù Kejì ni Bàbá ò ti lè máa wá sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè pàdánù Àjíǹde.

Títì fífẹ̀ yẹn, igi kan ò sí níbẹ̀. Oòrùn bá wọn, wọ́n ṣubú. Mai ruwa kan, àwọn tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ti omi kiri, ló rí wọn. Ààwẹ̀ ló ń gbà, bí àwa náà ṣe ń gbà á. Ó tú omi tó fẹ́ lọ tà lé wọn lórí, ó gbé wọn lé kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, ó tì wọ́n títí dé abẹ́ igi dongoyaro àkọ́kọ́ tó rí, lẹ́bàá GRA Nassarawa. Ibẹ̀ ni Bàbá ti lajú, tí wọ́n ń gbọ́ tó ń pariwo pé, "Baba, sha ruwa! Sha ruwa!" pé kí wọ́n mu omi. Òun fúnra rẹ̀ ò kan omi o. Bàbá ní kó jẹ́ kí àwọn san owó omi náà, ó kọ̀. A ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Lánàá mo lọ kó aṣọ wọn ní ẹ̀sítéètì. Àǹtí, ẹ má bínú, màá sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀, wọn ò ta wáyà kan sórí rẹ̀. Bàbá ò ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní èéfín ló lé àwọn kúrò ní Sabon Gari, àwọn ò ní fowó ara àwọn ra á wọlé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo fọwọ́ kan ògiri yàrá wọn, mo yára fà á sẹ́yìn.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo bá nínú dúrọ́ọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Mi ò kà wọ́n, àfi ìlà kan tí ojú mi bọ́ sí: "Kẹ́misọ́lá, ilé rẹ dára, ṣùgbọ́n". Ibẹ̀ ló dúró.

Àbúrò yín,
Bushrat


Doncaster
3 Oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí, níwájú ibi iṣẹ́. Mo ti sunkún tán, mo sì ti bínú tán. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Oṣù márùn-ún láìsí iná! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń nà mí torí irọ́!

Ṣùgbọ́n èmi náà ò sọ òótọ́ tán. Kì í ṣe èéfín nìkan. Láràárọ̀ tí mo bá ń wakọ̀ bọ̀ níbí, mo máa ń rìn nínú ilé yẹn lọ́kàn mi. Màá ṣí ilẹ̀kùn, màá gba pálọ̀ kọjá, màá bá yín lórí àga. Mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé náà rí, Bàbá. Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ó dà bíi pé mo ti dé ilé. Mo fi yín sínú rẹ̀ kí n lè ní ibi tí mò ń lọ.

Nínú àwòrán tí wọ́n fi ta ilẹ̀ yẹn fún mi, igi wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì náà. Igi yẹn ni mo fẹ́ràn.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ọmọ yín,
Kẹ́misọ́lá


Sabon Gari, Kano
28 Oṣù Kẹrin, 2024

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má sunkún nínú ọkọ̀ mọ́. Ẹni tó ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ ríran.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ilé tí ọmọ fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, báwo ni bàbá ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ó gbóná? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbìyànjú. Bí mo bá ti dé orí "ṣùgbọ́n", bírò á wúwo.

O ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ padà sínú ilé bàbá mi, mo sì fẹ́ wó yàrá mẹ́ta àárín àgbàlá. Lábẹ́ dongoyaro tí mo ti lajú, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gba àgbàlá wa kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò lọ síbì kankan láti ọjọ́ yìí, ọ̀nà ni kò rí.

Mo ti bá Ọlọ́runṣògo àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọlọ́runṣògo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń lé mi ni?"

Mo ní, "N kò lé ọ. Ẹ̀bá ibi iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ gbé ọ lọ, bí ọmọ mi bá gbà."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Níbi tí oòrùn ti fẹ́ pa yín? Tí kò níná?"

Mo ní òótọ́ lo sọ, kò níná, ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ó sì gbé e jìnnà sí fèrèsé, ohun tí ẹ ò lè ṣe níbí. Ọkọ rẹ á máa fi ẹsẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, á sì máa wálé jẹun ọ̀sán. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó lọ, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó jókòó sí báráńdà láti aago méjìlá títí di aago mẹ́rin. Nígbà tó dé, ó ní, "Bàbá, dongoyaro mẹ́fà ni màá gbìn síwájú ibẹ̀. Ilé ìdáná tèmi nìkan? Ẹ bẹ Àǹtí Kẹ́mi fún wa."

Mo ń bẹ̀ ọ́ o. Ilé rẹ ni. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni.

Bàbá rẹ,
Caleb Adétúnbọ̀


Doncaster
2 Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi gbé lẹ́tà yín kiri. Ó dùn mí. Ẹ fẹ́ wó yàrá tó rán mi nílé ìwé, ẹ sì fẹ́ fi ẹlòmíràn sínú ilé tí mo kọ́. Mo bi ara mi pé, kí ló wá kù tó jẹ́ tèmi ní Kano?

Lánàá mo lọ kí Màmá Pearson níbi tí wọ́n gbé e lọ. Kò dá mi mọ̀ títí mo fi sọ pé èmi ni ará òdì kejì ògiri. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, ta ló wà nínú ilé òun? Mo ní kò sí ẹnì kankan, ó ṣófo. Ó mi orí. Ó ní, "Ó mà ṣe fún ọ o. Ilé tó bá ṣófo, ara ẹlòmíràn ni òtútù rẹ̀ ń lọ."

Ẹ fún Ọlọ́runṣògo ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wó àwọn yàrá náà kí òjò tó rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí Bushrat ya fọ́tò wọn fún mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ń wá bí mo ṣe máa rí ibi iṣẹ́ láàárín ìlú níbí, èyí tí ẹsẹ̀ mi lè dé.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Kẹ́misọ́lá


Sabon Gari, Kano
23 Oṣù Kẹta, 2025

Kẹ́misọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé o ti ń fi ẹsẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kú oríire. Mo tún gbọ́ pé ìwé ìsinmi rẹ ti jáde, o sì ń bi Bushrat pé oṣù wo ló dára láti wálé. Èmi ló yẹ kí o bi.

Ìwọ náà mọ̀ pé Ọlọ́runṣògo fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi òòlù lu ògiri yàrá náà lọ́dún tó kọjá. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí a wó o tán, ẹ̀rù bà mí. Òjò rọ̀, òjò tán, ọyẹ́ dé, èèyàn kì í mọ̀ nígbà ọyẹ́ bóyá ilé òun ń gba afẹ́fẹ́. Mo ń rò ó pé bóyá arúgbó kan ló kàn wó ohun tó ń jẹ lára rẹ̀ nítorí àlá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ooru dé. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, NEPA mú iná. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, títì ń mì. Mo jókòó sórí àpótí ní àárín àgbàlá, n kò tan nǹkan kan. Òógùn bò mí. Mo ní, Caleb, o ti ṣe ara rẹ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, aṣọ ẹnu ọ̀nà iwájú wú bí ikùn aboyún. Afẹ́fẹ́ wọlé, Kẹ́misọ́lá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí, ó jáde lọ. Òmíràn tún tẹ̀lé e. Ìyá Bushrat tó wá gbé abọ́ rẹ̀ dúró gbagidi, ó ní, "Bàbá Kẹ́mi, kí nìyí?" Ó lọ gbé ẹní wá. Kí ó tó di aago márùn-ún, obìnrin mẹ́rin àti ọmọ wọn ti wà nínú àgbàlá wa. Jethro tó wà ní ojúlé kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò, ó wá padà lọ fi ẹsẹ̀ wọn àgbàlá tirẹ̀.

N kò ní parọ́ fún ọ mọ́. Ooru wà. Ó kàn ń kọjá ni, kò jókòó tì mí mọ́.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, Kérésìmesì ni wọ́n ń wálé, wọ́n ń sá fún ooru. Ìwọ, má dúró de Kérésìmesì. Wá báyìí tó gbóná jù. Jókòó tì mí ní àárín àgbàlá, kí òógùn bò ọ́, kí o má sọ̀rọ̀, kí o sì dúró díẹ̀.

Bàbá rẹ,
Caleb Adétúnbọ̀